Bí Ọkọ̀ Bá Dúró Tó Ń Gbọ̀n Bí Ẹni Ibà Mú

Ojúde Ọba ku ọ̀la nígbà tí Alájà kan wa Corolla rẹ̀ wọ ọgbà tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, lẹ́bàá Gáréèjì Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú Òde. Kò tíì pa á tí mo ti mọ̀ pé ara ọkọ̀ náà ò dá. Tẹ̀sùbáà tó há mọ́ dígí iwájú ń jó. Dígí ẹ̀gbẹ́ ń gbọ̀n débi pé n ò lè dá ojú ara mi mọ̀ nínú rẹ̀. Èéfín ń jáde lẹ́yìn ní pù-pù-pù, á fo ọ̀kan, á tún ṣe pù-pù, bí ẹni tó ń kólòlò.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí o," Alájà wí. "Láàárọ̀ yìí, kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ní kí àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ bá mi fọ̀ ọ́ kó mọ́ tinú tẹ̀yìn nítorí ọ̀la ni. Ìgbà tí mo máa sítáàtì ẹ̀, ló bá di báyìí. Wọ́n ti ní kí n lọ ra pọ́ọ̀ǹpù epo."

Ẹ jẹ́ ká fi Alájà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ná, n óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Lọ ra" yẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lórí ìdúró tí wọ́n ń gbé wá bá mi, olówó rẹ̀ ti náwó lé e lórí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti ra púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, ó ti ra kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, wọ́n ti bá a fọ nọ́sù tó ń fín epo, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n rẹ́ ẹ jẹ o. Ẹni tó tún un ṣe ò wá ohun tó ń ṣe ọkọ̀; ó ń fi owó olówó ta tẹ́tẹ́ ni, pé bóyá èyí á wọlé.

Kí ni sílóò gan-an?

Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ẹsẹ̀ ò sí lórí iná, ìyẹn làwa mẹkáníìkì ń pè ní sílóò. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dáadáa máa ń yí tó ìgbà 600 sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan lórí sílóò. Lára aago tó ń ka ìyípo, ẹ ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ nọ́ńbà 1 díẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kó tó gbóná, ó lè gun 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Ẹ wá ro ti èèyàn mẹ́rin tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. (Mo mọ̀ pé gààrì ni tàwa Ìjẹ̀bú, àmọ́ ẹ ṣáà bá mi kálọ.) Bí ọmọ odó ẹnì kan ṣe ń gòkè ni ti ẹlòmíràn ń bọ̀ wálẹ̀, kò sí ìjà, kò sí ìkọlù. Bí sílíńdà mẹ́rin inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwọn ihò tí epo ti ń jó, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ti àkọ́kọ́ ló máa kọ́kọ́ gbaná, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin, kó tó kan ìkejì. Lórí sílóò 750, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ń gbaná ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìyẹn ń lọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì yẹ kí ife omi tí ẹ gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mì.

Bí ọ̀kan nínú àwọn agúnyán mẹ́rin yẹn bá fo ìgbà tirẹ̀, tí wọ́n sì ń gún un kíkankíkan, etí lè má tètè mú un. Àmọ́ tí wọ́n bá ń gún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo ilé ló máa gbọ́ pé ẹnì kan ò gún tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìsàn ẹ́ńjìnnì fi máa ń kọ́kọ́ hàn lórí sílóò. Níbẹ̀, agbára tí ẹ́ńjìnnì ń pèsè kò ju èyí tó máa fi gbé ara rẹ̀ lọ. Kò ní àlékún tó fi lè bo ẹni tó ń ṣọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Èyí là ń pè ní "ọkọ̀ ń mísì".

Kí sílíńdà kan tó lè gún tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí epo, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣáná sí i lásìkò, ó sì gbọ́dọ̀ lè fún àpòpọ̀ afẹ́fẹ́ àti epo yẹn pọ̀ láìjẹ́ kó jò. Kò sí ohun karùn-ún. Afẹ́fẹ́ àti epo ní ìwọ̀n: bí a bá gbé wọn lé òṣùwọ̀n, afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń bá epo 1 lọ. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní brain box, ló ń wọ̀n ọ́n, bí ìyàwó ilé ṣe mọ ìwọ̀n omi tó máa gbé ẹ̀bà rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tí brain box ò mọ̀ nípa rẹ̀ bá gba ibì kan yọ́ wọlé, ẹ̀bà bàjẹ́ nìyẹn.

Ìgbà wo ló ń gbọ̀n?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí mẹkáníìkì bi yín kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá bi yín, ẹ sọ fún un.

Ó lè jẹ́ pé tí jíà bá wà lórí D, tí ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, ó ń gbọ̀n, àmọ́ tí ẹ bá fà á sí N, ó dákẹ́. Ojú mi á kọ́kọ́ lọ sí sítì ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, àwọn ló ń gba gbígbọ̀n rẹ̀ mọ́ra kó má baà dé ara yín. Bí ọ̀kan bá ya, ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ geere, kí ìjókòó àti sítíárì máa gbọ̀n. Ẹ wo aago ìyípo. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró gbọin, tí ìró ẹ̀yìn ń lọ láìfò, tó wá jẹ́ pé ara ọkọ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì yín lè má ṣàìsàn rárá. Ọ̀nà tí à ń gbà dán an wò ni pé kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an, kó máa gbé jíà láti D sí R, kí ẹnì kejì máa wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹnì kejì máa dúró sí o, kì í ṣe iwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń fò sókè bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, sítì rẹ̀ ti lọ.

Ti àárọ̀ nìkan ńkọ́, tó jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá ti gbóná, ó tán? Ó lè jẹ́ nọ́sù kan tó ń kán epo sínú sílíńdà lóru, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná omi ló ń parọ́ fún brain box. Ẹ̀kẹta ni èmi máa ń bẹ̀rù: omi ráídétọ̀ tó ń gba gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì jò wọ sílíńdà. Bí omi bá ń dín láìrí ibi tó ń gbà lọ, tí èéfín funfun ò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn lọ sí Èkó. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni kí ẹ ṣí ráídétọ̀ wò, nítorí omi tó ń hó níbẹ̀ lè bó èèyàn lójú.

Èyí tó ń dára láàárọ̀, tó wá ń mísì tó bá ti gbóná tán, kọ́ìlì ni mo sábà máa ń fura sí. Wáyà tín-ín-rín ló lọ́ mọ́ra wọn nínú kọ́ìlì. Bí ibì kan bá ti là, ìgbóná á ya á sí i, iná á já. Bó bá tutù, á tún padà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń gbọ̀n délé mẹkáníìkì lọ́sàn-án, táá sì ṣe bí ọmọ dáadáa ní ìrọ̀lẹ́.

AC nìkan ló ń jẹ́ kó gbọ̀n? Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC jẹ́ ẹrù lórí ẹ́ńjìnnì, ó sì yẹ kí brain box ṣí afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀ tó bá ti gbọ́ pé ẹ ti tan AC. Bí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá dọ̀tí, agbára ò ní tó, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí aláàárù tí wọ́n di ẹrù lé lórí ní Òkè-Àjẹ. Ẹni tó bá ti há sínú gósílóò Ojúde Ọba pẹ̀lú AC mọ ohun tí mò ń wí.

Ìbéèrè tó jù ni èyí: ṣé orí sílóò nìkan ni, àbí ó ń mísì lórí ìrìn náà? Bí ẹ bá wà lórí express láti Ṣágámù lọ sí Ọ̀rẹ̀, tí ẹ tẹ iná láti kọjá tírélà, tí ọkọ̀ wá ń fà yín sẹ́yìn tó ń já lulẹ̀ léraléra, a jẹ́ pé iná tàbí epo ni: púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, nọ́sù, pọ́ọ̀ǹpù. Bó bá ń sáré geere lórí express, tó jẹ́ pé tí ẹ bá wọ inú gósílóò, tí ẹ dúró, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀ràn afẹ́fẹ́ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ti pín ọjà sí méjì, ẹ ò sì tíì ná kọ́bọ̀.

Ẹ má gbé sílóò sókè

Nígbà Peugeot 504 àti ọkọ̀ Ìjàpá, kàbúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ la ní, kàbúrétọ̀ sì ní ìdè tí à ń fi sukurudirafa yí. Bí sílóò bá bọ́ sílẹ̀, ẹ yí i díẹ̀, ó gòkè. Iṣẹ́ gidi ni nígbà náà, etí la fi ń ṣe é. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n gbé àṣà yẹn wá sára ọkọ̀ onínọ́sù. Ìdè kékeré kan wà lára throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ọkọ̀ òde òní tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dì pa. Bí wọ́n bá yí i kí ọkọ̀ má baà gbọ̀n mọ́, ó máa dákẹ́ lóòótọ́, nítorí àwọn agúnyán ti ń yára, etí ò gbọ́ ẹni tó ń fò mọ́. Àmọ́ ẹnì kan ṣì ń fò. Epo á máa jó sí i, ọkọ̀ á máa fẹ́ rìn fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ dúró. Èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù ní Ṣágámù. Oníbàárà yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá, kọ́ìlì kan ti jóná pátápátá.

Iná ofeefee ati kóòdù

Iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ wò ó dáadáa. Bó bá tàn tó dúró, ẹ lè rọra wa ọkọ̀ délé mẹkáníìkì. Bó bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ohun tó ń sọ ni pé epo tí ò jó ń ṣàn lọ sínú kátàlísì, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ lójú ọ̀nà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ti máa jó, á sì ba kátàlísì jẹ́. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló fẹ́ máa da bẹntiróòlù sínú èéfín? Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú kátàlísì náà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á fi ń ti ọgbà mẹkáníìkì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ má bá wọn dá sí i.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 wá ní ihò kan lábẹ́ sítíárì tí à ń fi sìkáànà, ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ inú brain box, bọ̀. Tokunbo tó pọ̀ jù níbí, ibẹ̀ ló ti wá. Sìkáànà á mú kóòdù jáde, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń sọ àìsàn tí brain box rí. P0300 ni pé àwọn sílíńdà ń fò láìsí èyí tí a lè nawọ́ sí. P0301 dé P0304 ń dárúkọ sílíńdà náà: nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ni tirẹ̀. P0171 ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé. P0505 ń sọ pé ohun tó ń tọ́ sílóò ò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. P0302 ò sọ pé "lọ ra kọ́ìlì". Ohun tó sọ ni pé sílíńdà kejì ò gún tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ kù sọ́wọ́ yín. Ọ̀nà tí mò ń gbà wá a kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lára ọkọ̀ tí kọ́ìlì rẹ̀ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan lórí púlọ́ọ̀gì. Mo máa pa ọkọ̀, n óò tú kọ́ìlì kejì, n óò gbé e sórí sílíńdà kẹta, n óò gbé ti ẹ̀kẹta wá sórí ìkejì. N óò pa kóòdù rẹ́, n óò sítáàtì, n óò dúró. Bí kóòdù bá padà wá ní P0303, kọ́ìlì ló bàjẹ́, nítorí àìsàn tẹ̀ lé e lọ. Bó bá tún wá ní P0302, kọ́ìlì ò mọwọ́mẹsẹ̀. N óò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún púlọ́ọ̀gì. Bí àìsàn ò bá kúrò lójú kan, ó ku nọ́sù tàbí ìfúnpọ̀. Ẹ lè dúró ti mẹkáníìkì yín kó ṣe é lójú yín. Ẹni tó bá bínú nítorí pé ẹ ní kó ṣe é, ẹ wá ẹlòmíràn.

Àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ lásán já wáyà púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Iná tó wà níbẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún folti. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó fi orí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Alájà

Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ náà ni, n ò tiẹ̀ mú sìkáànà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì ń dán bí ìkòkò tuntun. Wọ́n ti fi páìpù alágbára rọ ọ́ lómi pẹ̀lú ọṣẹ. Mo tú kọ́ìlì kejì, mo fà á sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ rọ́bà tutù rinrin. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, mo rí omi tó ń kọ yànrànyànràn nísàlẹ̀, púlọ́ọ̀gì ti rì dọ́rùn. Ti ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Iná tó yẹ kó fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ń gba inú omi sá lọ sára irin.

Mo rán ọmọṣẹ́ mi sí fọ́kánáísà tó wà ní iwájú wa, wọ́n na hóòsì afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, a fẹ́ omi náà jáde. Ẹ ṣọ́jú yín níbẹ̀ o, omi ọlọ́ṣẹ pẹ̀lú yanrìn ló ń ta jáde. A tú púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ihò ti gbẹ, a nù wọ́n, a sá kọ́ìlì sóòrùn. Láàárín wákàtí kan, tẹ̀sùbáà ti dúró jẹ́ẹ́. Alájà ní, "Pọ́ọ̀ǹpù tí wọ́n ní kí n rà ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra gèlè.

Ní gbogbo ọdún, ọ̀sẹ̀ Iléyá ni mo máa ń rí irú èyí jù. Aṣọ ẹgbẹ́ ti dé, ẹṣin ti dé, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ dán. Ẹ fọ ara ọkọ̀, ẹ fi aṣọ tó tutù nu ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ lómi.

Bí mo bá ti tú púlọ́ọ̀gì tán, mo máa ń kà á bí ìwé. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jọ àwọ̀ eérú tàbí búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ le. Èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ń pọ̀ jù fún un. Èyí tó tutù tó ń rùn bẹntiróòlù, epo ń wọlé àmọ́ iná ò dé. Èyí tó ní ọ́ìlì ní ẹnu rẹ̀ gan-an ni ìròyìn burúkú, nítorí ọ́ìlì ń gba abẹ́ ríìǹgì tàbí ẹ̀gbẹ́ fáàfù jò wọ inú. Àmọ́ bí ọ́ìlì bá wà lókè púlọ́ọ̀gì nìkan, nínú ihò tí omi Alájà wà yẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì ọmọrí ẹ́ńjìnnì ló ti gbó, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Púlọ́ọ̀gì olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ kọ́pà máa ń lo bíi kìlómítà 30,000 sí 50,000. Ti iridium lè lé ní 100,000. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, orúkọ iridium ò sì ná ẹni tó ń tẹ páálí rẹ̀ ní nǹkan kan. Èmi a máa ra kọ́ìlì tokunbo tó jẹ́ ojúlówó ju tuntun ayédèrú lọ, àmọ́ n kì í ra púlọ́ọ̀gì tokunbo.

Ọ̀rọ̀ epo

Díẹ̀ ni mo máa sọ níbí. Bí ọkọ̀ bá dára kí ẹ tó wọ ilé epo, tó wá ń mísì láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ rà á, ẹ fura sí epo kí ẹ tó fura sí ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa díẹ̀ jáde sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sílẹ̀. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa lọ, ẹ ó rí ìlà tó pín wọn. Ní February 2022, epo tí methanol rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ wọ orílẹ̀-èdè wa láti òkè òkun, ìjọba fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ò hàn nínú ìgò, nítorí methanol máa ń pò mọ́ epo. Ó máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ra nọ́sù lásìkò yẹn.

Tíṣà àti hóòsì

Ìgbà tí ọ̀ràn bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, throttle ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹ bá tú hóòsì ńlá tó ti ilé fílítà wá, ẹ ó rí ìlẹ̀kùn irin róbótó kan. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yẹn máa ń kó ìdọ̀tí dúdú jọ. Lórí sílóò, àlàfo tí ìlẹ̀kùn náà ń ṣí kò ju bíńtín lọ, ìdọ̀tí díẹ̀ sì ti tó láti dí i. Oògùn tirẹ̀ wà nínú agolo, aṣọ rírọ̀ la sì fi ń nù ún. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí iná ń darí ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ má fi ìka tì í. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́, tàbí tí ẹ bá yọ bátìrì, sílóò lè máa ṣe ségesège, nítorí brain box ti gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá láìtan nǹkan kan, kí ẹ tó wá tan AC. Ọkọ̀ mìíràn máa ń fẹ́ kí wọ́n fi sìkáànà kọ́ ọ.

Bí kì í bá ṣe throttle, ẹ wá ibi tó ń jò. Tíṣà kan tó ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá gbé Camry wá bá mi. Sílóò rẹ̀ ń gun 1,400, á já sí 600, á tún gùn, bí ẹni tó ń mí nínú oorun àìsàn. Lórí ìrìn, kò sí nǹkan kan. P0171 ni kóòdù rẹ̀. Tíṣà ti ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kọ́ìlì mẹ́rin, wọ́n ti fọ nọ́sù, ẹnì kan sì ti ní kó máa wá owó pọ́ọ̀ǹpù.

Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń fi súrọ́ọ̀ mu zobo. Lórí sílóò, ìlẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátá, ìfà yẹn sì lágbára gan-an. Ihò kékeré lára hóòsì á máa gba afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ò kà wọlé, ìwọ̀n rẹ̀ sì pọ̀ lójú ìwọ̀nba tí ẹ́ńjìnnì ń fà. Tí ẹ bá tẹ iná, ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń wọlé, ihò yẹn ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ó bá ohun tí Tíṣà sọ mu.

Irinṣẹ́ tí mo lò ni hóòsì rọ́bà tó gùn tó apá. Mo ki ẹnu rẹ̀ kan bọ etí, mo ń fi ẹnu kejì tọ ara ẹ́ńjìnnì lọ díẹ̀díẹ̀, láti ibi gásíkẹ́ẹ̀tì, dé ibi hóòsì bíréèkì, dé ẹ̀yìn. Àwọn kan máa ń fín bẹntiróòlù síbẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná sun ọkọ̀ yín. Omi ọṣẹ nínú ìgò tí à ń fín ti tó. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ní kọ́rọ́ ibi tí ojú ò dé, mo gbọ́ ọ: ṣííííí. Hóòsì tó ń gbé èémí ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì ni, èyí tó ṣẹ́ kọ́ńdọ́ bí ìgúnpá. Abẹ́ ìgúnpá yẹn ti là, ó lanu bí ẹja tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò dí i. Ọwọ́ aago sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sórí 700, gbogbo ọgbà dákẹ́. Mo yọ àtàǹpàkò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun fi fóònù ká a.

Bí kò bá sí ihò tó ń jò, tí iná dára, tí epo mọ́, tí sílíńdà kan ṣì ń ṣọ̀lẹ, àfi ká wọn ìfúnpọ̀. Géèjì la máa ń dè sí ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì tó dára sì sábà máa ń wà láàárín 120 sí 180 psi. Kí ọ̀kan já jìnnà sí àwọn yòókù lohun tó ń bani lẹ́rù ju kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ fáàfù, ríìǹgì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí tó wọlé, ìgbà yẹn nìkan ló sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ ká tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Ọmọṣẹ́ mi ra hóòsì Tíṣà wá, a dè é, a pa kóòdù rẹ́. Nígbà tó ń ṣí búùtù láti mú owó, mo rí kọ́ìlì mẹ́rin tí wọ́n tú kúrò, ó wé wọn sínú ìwé ìròyìn. Mo ní kó jẹ́ ká dán wọn wò. A gbé wọn sórí ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ kó gbóná, a sì tan AC lé e. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣáná bó ṣe yẹ.